Mo fẹ́ pààrọ̀ háàdì dísìkì láptọ́ọ̀pù mi sí èyí tó tóbi, àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì nǹkan kan

MonogramSabonTasha

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ monogram ni mo ń ṣe ní Sabon Tasha, ní Kaduna níbí. Ẹ̀rọ olórí kan tó ní abẹ́rẹ́ 12 ni mo ní, láptọ́ọ̀pù HP tòkunbọ̀ kan ni mo sì fi ń ya dísáìn fún un. Háàdì dísìkì inú ẹ̀, 320GB ni wọ́n kọ sí i lára, ó sì ti kún. Ìlà tó wà lábẹ́ C:, ibi tí Windows àti gbogbo nǹkan mi wà, ti pọ́n foo. Láàárọ̀ àná mo ya ọrùn káfútàn Alhaji kan tán, mo ní kí n save, ó ní kò sí àyè. Mo pa fọ́tò díẹ̀ rẹ́, mo save, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó tún ti kún.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ẹni tó fi sọ́fítíwíà dísáìn yẹn sí i fún mi ti kó lọ sí Kùtọnu, nọ́ńbà ẹ̀ kò lọ mọ́. Mi ò ní CD ẹ̀. Ohun tí mo ní ni dongle ẹ̀, ohun kékeré kan tó dà bíi fláàṣì, tí mo gbọ́dọ̀ kì bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù kí sọ́fítíwíà náà tó ṣí. Mo so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kó má baà sọnù. CorelDRAW tí mo fi ń yàwòrán náà wà níbẹ̀, àti ìwé gbèsè gbogbo oníbàárà lórí Excel.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lápá ibí. Ó ní àfi kóun fi Windows tuntun sórí dísìkì tuntun, kí èmi wá máa wá sọ́fítíwíà mi bọ̀. Mo ní kí n máa wá a bọ̀ láti ibo? Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi, mo bá tèmi lọ.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè ra dísìkì tó tóbi, kó kó gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú ẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kí n tan láptọ́ọ̀pù, kí gbogbo nǹkan sì wà níbi tí mo fi í sí? Windows 10 ni. Sallah ń bọ̀, ẹ sì mọ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń kó aṣọ wá lápá ibí nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ kó yé mi, abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀, mi ò mọ kọ̀ǹpútà.

---

ỌmọLugbe

Àǹtí, fọ́máàtì ló dáa jù. Windows tó bá ti pẹ́ lórí dísìkì ti dọ̀tí, tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sórí tuntun, ẹ gbé ìdọ̀tí lọ nìyẹn. Ẹ kó fáìlì yín sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

---

TáyéWuse

@ỌmọLugbe, àbúrò, ṣé o ka ohun tí wọ́n kọ ṣá? Wọ́n ní àwọn ò ní CD sọ́fítíwíà, ẹni tó fi í síbẹ̀ ti lọ. Ìwọ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìyẹn dáa fún ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù wo fíìmù.

Ẹ kú ọjà, mà. Ohun tẹ́ ẹ ń wá yẹn wà, àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Wuse kì í pẹ́ ká tó ṣe é fún ẹlòmíì. Clone là ń pè é. Ó yàtọ̀ sí kí èèyàn fọwọ́ kó fáìlì láti ibí lọ sí ọ̀hún. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kó gbogbo inú C: sórí dísìkì mìíràn, Windows kò ní gbéra láti orí ẹ̀, torí pé àwọn ìpín kéékèèké kan wà lórí dísìkì tí kì í hàn síta, inú ọ̀kan nínú wọn ni ohun tó ń jí Windows dìde wà. Clone máa ń kó ìpín tó hàn àtèyí tó fara pamọ́, Windows, sọ́fítíwíà, password íntánẹ́ẹ̀tì yín, àní bẹ́ ẹ ṣe to àwọn àmì sójú kọ̀ǹpútà.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ dongle. Sọ́fítíwíà tó bá ń lo dongle, dongle ló ń bi léèrè, dísìkì kò kàn án. Windows fúnra ẹ̀, bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù ló fi ń mọ̀ pé òun ti gba àṣẹ, bọ́ọ̀dù kò sì yí padà. Èyí tó lè ṣe yọnkuyọnku ni sọ́fítíwíà tó ń wo nọ́ńbà dísìkì. Nọ́ńbà méjì ló wà lára dísìkì: ọ̀kan wà tí Windows fún ìpín náà nígbà tí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀, clone máa kó ìyẹn lọ, èkejì ni èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe dísìkì kọ sí i nínú, ìyẹn kì í kúrò lójú kan. Sọ́fítíwíà tó bá ń wo ìkejì yìí lè ní kẹ́ ẹ tún tẹ kọ́ọ̀dù yín. Nítorí náà ẹ wá kọ́ọ̀dù Corel yín sítòsí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ná owó, ẹ tú ìdí láptọ́ọ̀pù, ẹ wo dísìkì tó wà nínú ẹ̀. Ti láptọ́ọ̀pù, ínǹṣì 2.5 ló máa ń jẹ́, àmọ́ nínípọn wọn kò dọ́gba. Ti àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 9.5, SSD òde òní (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) jẹ́ 7. Tínínrín á wọ àyè nínípọn, ẹ kàn máa fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tì í ni kó má baà máa mì. Nínípọn kò ní wọ àyè tínínrín, ẹ má gbìyànjú àtifi tipátipá tì í.

Èwo lẹ máa rà? Tẹ́ ẹ bá bi mí, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn mọ́ pé kó fi dísìkì tó ń yí gbiri sínú láptọ́ọ̀pù tó fi ń jẹun. SSD 1TB, ti SATA (irú ojú tí dísìkì àtijọ́ yín náà fi ń wọlé), ló yẹ yín. Tí owó ò bá tó o, 500GB. Ìgbà tẹ́ ẹ bá tan Windows láti orí SSD lẹ máa mọ̀ pé láptọ́ọ̀pù yẹn kò darúgbó, dísìkì ló ń fà á sẹ́yìn. Ẹ má sì bá ẹni tó tà á fún yín jà tẹ́ ẹ bá rí i pé Windows ń ka 1TB sí 931GB. Ọgbọ́n ìkàwé ni: ẹni tó ṣe dísìkì ń fi 1,000 kà, Windows ń fi 1,024 kà. 320GB yín náà, 298 lẹ máa rí níbẹ̀.

Ẹ máa nílò okùn tó ń so dísìkì SATA mọ́ USB, tàbí àpótí kékeré tí wọ́n ń fi dísìkì sí. Ojú USB aláwọ̀ búlúù ni kẹ́ ẹ ki í bọ̀, USB 3.0 nìyẹn. Níbẹ̀, 320GB lè gba bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ki í bọ ojú dúdú àtijọ́, ẹ lè lo wákàtí méjì ààbọ̀, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí.

Ní ti sọ́fítíwíà tó máa ṣe é, Macrium Reflect ọ̀fẹ́ ni gbogbo ayé ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ti dá ti ọ̀fẹ́ dúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni wọn ò ti tọ́jú ẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ SSD Samsung lẹ rà, Samsung ní tiwọn, ọ̀fẹ́ ni. Western Digital àti Crucial ń fún èèyàn ní Acronis, sọ́fítíwíà clone mìíràn, lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá jẹ́ dísìkì wọn lẹ lò. Èmi, Clonezilla ni mo ń lò, àwọn ará Taiwan ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, kò sì bìkítà irú dísìkì tẹ́ ẹ rà. Ẹ máa fi í sórí fláàṣì, ẹ máa tan láptọ́ọ̀pù láti orí fláàṣì náà, Windows á máa sùn lọ ní tiẹ̀.

Ojú ìwé kan wà nínú Clonezilla tó yẹ kẹ́ ẹ mí kanlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mú device-device, tẹ́ ẹ mú disk_to_local_disk, ó máa béèrè dísìkì tí a fẹ́ kà, lẹ́yìn náà dísìkì tí a fẹ́ kọ sí. Kò ní pè é ní "ti àtijọ́" àti "tuntun" o. Sda àti sdb ló máa kọ síbẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Bó ṣe tóbi tó ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n: 320 la fẹ́ kà, 1000 la fẹ́ kọ sí. Bẹ́ ẹ bá yí i padà, ẹ̀ ń da òfìfo bo gbogbo iṣẹ́ yín nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa bá yín kó o jọ. Ó máa béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá yín lójú. Ẹ ka orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ohun méjì ṣì kù ṣáájú ìyẹn. Bẹ́ ẹ bá tẹ Shut down lásán, Windows 10 kì í kú tán, ó máa ń fi ìdajì ara ẹ̀ pamọ́ kó lè tètè jí. Ẹ di Shift mú kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èkejì, ẹ wò ó bóyá BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, wà ní títàn. Tó bá wà, ẹ pa á, kẹ́ ẹ dúró kó tú gbogbo dísìkì sílẹ̀ tán, ó lè pẹ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè ní kẹ́ ẹ mú nọ́ńbà onílà gbọọrọ kan wá, 48 ni iye àmì inú ẹ̀, mi ò sì tíì rí oníṣòwò tó mọ ibi tí tiẹ̀ wà.

---

Abẹ́rẹ́Kano

Ẹ kú ìṣẹ́jú, ẹlẹgbẹ́ mi. Monogram lèmi náà ń ṣe, Sabon Gari, Kano. Táyé ti sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní fi kún un, àmọ́ ohun kan ń rú mi lójú. Dísáìn kì í kún 320GB!

Ẹ wo fáìlì DST tẹ́ ẹ fi ń bọ́ ẹ̀rọ. Àwọn Tajima ti Japan ló gbé irú fáìlì yẹn kalẹ̀ láyé ìgbà tí nǹkan ìpamọ́ kéré gan-an, báìtì 3 péré ló ń kọ sílẹ̀ fún stitch kan, pẹ̀lú báìtì 512 tó wà lókè fáìlì. Bàbáńrìgá ńlá, tí iṣẹ́ ọrùn àti àyà ẹ̀ jẹ́ stitch 100,000, kò ju bíi 300KB lọ. Fọ́tò kan tí oníbàárà fi WhatsApp ránṣẹ́ pé "irú èyí ni mo fẹ́" lè tó ìyẹn. Irú bàbáńrìgá bẹ́ẹ̀ 3,000, kò tó 1GB. Fáìlì tẹ́ ẹ ń ṣàtúnṣe nínú sọ́fítíwíà tóbi díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun náà ló kún dísìkì yín.

Ẹni kan ń jẹ yín ní àyè, mà. Ẹ gba WizTree sórí láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ jẹ́ kó yẹ C: wò, kò ní pẹ́. Á to gbogbo fódà sílẹ̀ láti orí èyí tó sanra jù. Ẹ wò ó bóyá Windows.old wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn Windows àná tí kò jẹ́ kúrò nílé.

---

TáyéWuse

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni @Abẹ́rẹ́Kano sọ yẹn, ó sì yẹ ká ti béèrè. Màmá, bẹ́ ẹ bá ń gba WizTree, ẹ gba CrystalDiskInfo náà, òun ló ń sọ bí ara dísìkì ṣe le tó. Ẹ ṣí i, ẹ sọ àwọ̀ tẹ́ ẹ rí fún mi: búlúù, yẹ́lò, tàbí pupa. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

---

MonogramSabonTasha

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ Kaduna Polytechnic ló bá mi ṣe é.

WizTree ti tú àṣírí. Fódà tó sanra jù ń jẹ́ "Assignment". Mo ní assignment wo? Mo ṣí i: fíìmù Kòríà, ti Turkey, apá kìíní dé apá karùn-ún, tó ju 110GB lọ. Mo yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òun náà yíjú sí ògiri. Gbogbo òru tí mo fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ fún un pé kó fi kàwé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí n má puró, èmi náà ní tèmi níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ mo máa ń ká a sí fídíò láti fi sórí status, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń rí mi. Ìyẹn náà fẹ́ẹ̀ tó 70GB. Dísìkì ńlá ṣì wù mí, torí mi ò ní dẹ́kun fídíò.

CrystalDiskInfo ní tiẹ̀ yẹ́lò. Ó kọ Caution sí i. Ìlà kan wà tó ń jẹ́ C5, àmì yẹ́lò wà níwájú ẹ̀, òdo rẹpẹtẹ ló kọ síbẹ̀, 8 ló gbẹ̀yìn. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?

---

TáyéWuse

Háà. Inú mi dùn pé a béèrè.

C5 ni ìlà tó ń ka àwọn ojú ibi tí dísìkì gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. 8 kò pọ̀, dísìkì náà kò tíì kú. Ṣùgbọ́n ó ti ń sọ fún yín pé òun ò ní pẹ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "kò sí àyè". Bí gbogbo fíìmù Kòríà bá kúrò lónìí, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má dúró de Sallah.

Lónìí, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kó Excel gbèsè yín, gbogbo DST àti fáìlì dísáìn sórí fláàṣì. Wọ́n kéré, Abẹ́rẹ́Kano ti ṣírò ẹ̀ fún wa. Ẹ fi fláàṣì náà sí ibòmíràn tó yàtọ̀ sí ibi tí láptọ́ọ̀pù wà. Ẹ wá pa fódà "Assignment" náà rẹ́, torí kò sídìí ká máa fi dísìkì tó ń ṣàìsàn ka 110GB fíìmù.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe chkdsk /r (àṣẹ Windows tó ń yẹ dísìkì wò) lórí ẹ̀ kó "tún un ṣe", ẹ má gbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Chkdsk /r á máa ka gbogbo ojú dísìkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, á tún máa kọ nǹkan sí i. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù kúrò lórí ẹ̀. Orí tuntun la ti máa ṣe chkdsk.

Bí dísìkì ṣe rí yìí, Clonezilla lásán lè dúró lágbedeméjì tó bá kan ibi tí kò ṣeé kà. Ọ̀nà méjì ló wà. Nínú Clonezilla, ẹ mú Expert, ẹ fàmì sí -rescue, á fo ibi tí kò ṣeé kà, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Èyí tó wù mí jù ni sọ́fítíwíà mìíràn tó ń jẹ́ ddrescue. Òun máa ń kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó rọrùn, tó bá kan ibi tó le á fò ó, á wá padà síbẹ̀ lẹ́yìn. Á tún máa kọ ibi tó dé sínú fáìlì kékeré kan. Tí iná bá lọ, tí bátìrì tòkunbọ̀ bá kú, ẹ tan án padà, ẹ tọ́ka fáìlì yẹn sí i, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Kí fáìlì náà wà lórí fláàṣì mìíràn o, kò gbọdọ̀ wà lórí èyíkéyìí nínú dísìkì méjèèjì.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ lò, tó bá parí, ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fi tuntun sí ipò ẹ̀, ẹ wá tan án. Ẹ má tan Windows nígbà tí méjèèjì bá ṣì so mọ́ ọn. Àmì ìdánimọ̀ wọn ti di ọ̀kan náà, Windows ò ní fẹ́ rí méjì, á pa ojú ọ̀kan dé, nígbà míì ó lè jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́.

---

ÀbúròJos

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan sí i, ẹ̀gbọ́n Táyé, torí ó ti dá èèyàn dúró lọ́wọ́ wa níbí ní Jos. Àwọn àpótí USB kan wà, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe fún dísìkì ńlá, tí wọ́n máa ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Dísìkì ń sọ pé ojú kọ̀ọ̀kan òun jẹ́ báìtì 512, àpótí á sọ fún Windows pé 4,096 ni. Clone á parí wẹ́kú, gbogbo fáìlì á hàn níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú àpótí yẹn. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tẹ́ ẹ fi sínú láptọ́ọ̀pù, á dà bíi pé òfìfo ni. Èèyàn á rò pé SSD náà ti bàjẹ́, á gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á, wọ́n á jọ máa pariwo. Okùn SATA-USB tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ní àpótí, kì í sábà ní ìṣòro yìí. Èyí tó tún dáa jù ni kẹ́ ẹ fi SSD tuntun sínú láptọ́ọ̀pù látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ so ti àtijọ́ mọ́ USB, kẹ́ ẹ wá tan án láti orí fláàṣì. Èyí tí a ń kọ sí ti wà ní ipò tó máa wà títí nìyẹn.

Ẹ tún ṣọ́ra lọ́jà. Ohun kékeré kan ń lọ káàkiri tí wọ́n kọ "SSD 16TB" sí, tó pọ́ọ́kú. Káàdì fóònù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀. Á sọ fún Windows pé 16TB ni òun, ẹ óò máa kó nǹkan sí i, èyí tó ń wọlé á máa gun èyí tó ti wà níbẹ̀ lórí. Sọ́fítíwíà kan wà tó ń jẹ́ H2testw, àwọn tó ń tẹ c't, ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà kan ní Jámánì, ló ṣe é. Á kọ nǹkan kún dísìkì náà, á sì kà á padà wò bóyá ohun tó kọ ló bá níbẹ̀. Ẹ ṣe é fún èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà kẹ́ ẹ tó fi sí ẹnu iṣẹ́. Owó ẹni kì í ṣe omi.

---

MonogramSabonTasha

Ẹ bá mi dúpẹ́ o. SSD 1TB la rà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ddrescue ṣe é, mo ní iṣẹ́ yẹn ni owó ìtanràn "Assignment". Ó ṣe bí ÀbúròJos ṣe wí, tuntun wà nínú, àtijọ́ wà níta. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan lágbedeméjì, bátìrì ò gbé e, a tan jẹnẹrétọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé lóòótọ́. Ibi tí kò rí kà kéré débi pé 4KB ni ó kọ.

A tan án. Gbogbo nǹkan wà níbẹ̀! Mo ki dongle bọ̀ ọ́, sọ́fítíwíà dísáìn ṣí, ọrùn káfútàn Alhaji wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Corel náà kò béèrè nǹkan kan. Ó sì ń yára débi pé mo rò pé ó ti fo nǹkan.

Ìṣòro kan ló kù. C: ṣì ń kọ 298GB. Níbo ni ìyókù wà? Ọmọ yìí ṣí Disk Management, ibi tí Windows ti ń fi ìpín dísìkì hàn, ó fi bọ́tìnì ọ̀tún máùsì tẹ C:, Extend Volume wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣú, kò ṣeé tẹ̀.

---

TáyéWuse

Ẹ kú oríire, mà. Ìyẹn kò le. Ẹ wo àwòrán tó wà nísàlẹ̀ Disk Management dáadáa. Ẹ máa rí C:, ẹ máa rí ìpín kékeré kan lápá ọ̀tún ẹ̀ tí wọ́n kọ Recovery sí, lẹ́yìn ìyẹn ni àyè tó ṣófo wà. Windows kì í fẹ C: àfi tí àyè náà bá fara kàn án tààrà. Ìpín kékeré yẹn ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́. Ẹ má pa á rẹ́, òun ni Windows ń sá lọ bá tó bá kọ̀ tí kò gbéra. Ẹ sún un ni. Ẹ fi GParted Live, sọ́fítíwíà tó ń sún ìpín dísìkì, sórí fláàṣì bẹ́ ẹ ṣe fi ti ìṣáájú sí i, ẹ tan láptọ́ọ̀pù láti orí ẹ̀, ẹ mú ìpín Recovery yẹn, ẹ fà á dé ìparí dísìkì lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ẹ mú C:, ẹ fẹ̀ ẹ́ dé ibi tó dúró sí. Ẹ tẹ Apply. Ẹ ti fi Shift pa Windows ṣáájú o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ GParted ò ní gbà kẹ́ ẹ fọwọ́ kan C:.

Tẹ́ ẹ bá padà tan Windows, ó lè fúnra ẹ̀ ṣe chkdsk lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó parí. Tí kò bá ṣe é, ẹ̀yin ẹ ṣe chkdsk /f fúnra yín, torí 4KB tó kù yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ reagentc /info láti mọ̀ bóyá Recovery yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá ní Disabled, ẹ kọ reagentc /enable.

---

MonogramSabonTasha

931. Ó ti ń kọ 931, ó dín díẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bá yín kẹ́ ọmọ yín. Ọmọ yìí ní ṣé òun lè gba dísìkì àtijọ́ fi kó fíìmù.

---

TáyéWuse

Kó má gbà á. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ jù ú sínú àpótí, kẹ́ ẹ má fọ́máàtì ẹ̀ títí Sallah á fi lọ tí ìwé gbèsè á fi pé. Lẹ́yìn náà ẹ lè fọ́ ọ. Ẹ má sì tà á, orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo oníbàárà yín wà lórí ẹ̀.

---

Abẹ́rẹ́Kano

@TáyéWuse, kí n tó lọ o. Tèmi kì í ṣe láptọ́ọ̀pù, desktop ni, Windows 7 ni, mi ò lè kúrò lórí Windows 7 torí ẹ̀rọ olórí méjì tí mo ní, okùn àtijọ́ ló ń lò. Ọgbọ́n yìí náà ni mo máa dá?

---

TáyéWuse

Òun náà ni. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ kíyè sí. Ẹ ra SSD ti SATA, ẹ má ra NVMe (irú SSD mìíràn tí kì í lo ojú SATA), torí Windows 7 kò mọ NVMe látìbẹ̀rẹ̀, kò ní gbéra láti orí ẹ̀ láìsí wàhálà. Dísìkì yín sì lè jẹ́ MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín dísìkì, ìyẹn kò lè kà ju 2TB lọ, bẹ́ ẹ bá ra 4TB ìyókù á kàn wà níbẹ̀ lásán. Kẹ́ ẹ má sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, January 2020 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú ẹ̀.